Ta ló gbin nǹkan tó hù lára búrẹ́dì yìí?

Tíṣà_Morẹ́nikẹ́

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọmọ pírámárì fáìfù ni mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì, ibi tí a dé ni pé ohunkóhun tó bá máa hù gbọ́dọ̀ ní irúgbìn, mo ti mú ẹ̀wà àti àgbàdo dání, a ti tẹ́ wọn sínú òwú tútù, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe na ọwọ́ sókè tó ní Àǹtí, ẹ wò ó, búrẹ́dì kan rèé tí òun gbàgbé sínú báàgì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó yọ ọ́ jáde pẹ̀lú nylon ẹ̀. Ó ti bu pátápátá. Apá kan àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí wọ́n bu eérú lé ewé lórí, apá kejì dúdú, tí èèyàn bá sún mọ́ ọn dáadáa á rí i pé bí irun tín-ín-rín tín-ín-rín ló dúró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ní orí dúdú róbótó bí igi ìṣáná tó kéré gan-an. Ọmọ yẹn wá bi mí pé, "Àǹtí, ta ló gbin èyí?"

Mo ní màá dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré pé ààrá ló ń hu olú, pé tí ààrá bá ti sán lóru kí a tètè lọ wo ìdí ọ̀pẹ tó ti wó láàárọ̀, a máa lọ lóòótọ́, a sì máa bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sọ fún ọmọ yẹn pé ààrá ló wọnú báàgì ẹ̀, mi ò sì fẹ́ sọ pé ìdọ̀tí ló kàn di nǹkan. Ṣé ẹnì kan wà tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí tó wádìí ẹ̀? Ta ni, níbo ló ti ṣe é, kí ló ṣe gan-an? Mo fẹ́ ìtàn tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gbé délé lọ sọ.

OníLábù_Ìlọrin

Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn kú làákàyè. Ìbéèrè tó bi yín yẹn gan-an ni ọkùnrin kan fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀ wá ìdáhùn sí. Pier Antonio Micheli lorúkọ ẹ̀, ìlú Florence ní Ítálì ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1679. Ilé tálákà ló ti wá, bẹ́ẹ̀ Látìn ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ ewé àti igi nígbà yẹn, ló bá kọ́ ara ẹ̀ ní Látìn. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn kó wọ̀ wọ́n létí, kò sí tíṣà, òun fúnra ẹ̀ ló jókòó tì í títí ó fi gbọ́ ọ. Monk ìjọ Kátólíìkì kan tó mọ ewé dáadáa, Bruno Tozzi, ló fà á wọnú iṣẹ́ náà láti kékeré. Nígbà tó fi máa di 1706, tí Micheli ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 26, Cosimo III tó ń jọba lórí Tuscany, agbègbè tí Florence wà, ọmọ ìdílé Medici, ti fi í ṣe onímọ̀ ewé tiẹ̀, wọ́n sì fi ọgbà ewé Florence sí abẹ́ ẹ̀.

Ẹbí olú ni nǹkan tó hù lára búrẹ́dì yẹn, ìyá yín àgbà ò sì dá gbà bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ náà ń sọ pé ààrá ló ń hu irú olú kan tó máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀, Plutarch, òǹkọ̀wé wọn kan, tiẹ̀ kọ̀wé lé e lórí. Àwọn mìíràn ní omi ara igi tó ti ń jẹrà ló ń dì tó ń di olú. Ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀ kò le, ẹni tó bá já olú wò kò ní rí òdòdó, kò ní rí èso, kò ní rí hóró kankan. Ohun tí kò ní hóró, ibo ni kí wọ́n sọ pé ó ti wá?

Micheli gbé lẹ́ǹsì lé e. Abẹ́ orí olú yẹn, níbi tó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ojú ewé ìwé, ó rí nǹkan bí ìyẹ̀fun níbẹ̀, lára àwọn kan ó tò ní mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ lè ṣe èyí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín: ẹ gé orí olú tó ti là dáadáa, ẹ dojú ẹ̀ dé orí bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Tó bá di àárọ̀ tí ẹ gbé e kúrò, ẹ máa bá a tí eruku ẹ̀ ti ya ìlà yípo lórí bébà yẹn, bí ẹni pé ènìyàn fi pẹ́ńsùlù fà á. Eruku yẹn ni à ń pè ní spore, òun ni olú fi ń bímọ.

Ohun tó wá jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni pé kò dúró sí pé mo ti rí eruku. Ó gbìn ín. Ó gé mẹ́lọ́nì, tó jẹ́ ẹbí bàrà tiwa náà, ó mú eruku lára oríṣi nǹkan tó ń bu oúnjẹ, ó fi sára mẹ́lọ́nì tó gé yẹn, ó wá ń ṣọ́ ọ. Èyí tó gbìn sí ibì kan, òun náà ló hù níbẹ̀, kì í ṣe òmíràn. Ó tún mú eruku lára ọmọ tó hù yẹn, ó tún un gbìn, irú ẹ̀ náà ló tún jáde. Ohun tí a bá gbìn la ó ká, gbogbo wa ń sọ ọ́, Micheli ló fi ojú ẹ̀ rí i pé ó ká olú náà mọ́. Tó bá jẹ́ pé mẹ́lọ́nì tó ń jẹrà ló ń di nǹkan yẹn fúnra ẹ̀ ni, kí ló dé tí kì í gbàgbé èyí tí ọkùnrin yìí fi síbẹ̀?

1729 ló gbé ìwé ẹ̀ jáde, *Nova Plantarum Genera*. Ohun tó kọ nípa wọn nínú ẹ̀ tó 1900, nínú wọn 1400 ni kò tíì sẹ́ni tó kọ nípa ẹ̀ rí, bíi 900 sì jẹ́ ẹbí olú àti nǹkan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara àpáta àti èèpo igi. Àwòrán inú ẹ̀ wọ́n owó, ó wá ń wá àwọn tó máa bá a san án, orúkọ ẹni tó bá san tàwòrán kan wà lára àwòrán yẹn. Mo máa ń ronú sí i, ọmọ tálákà tó ń kan ilẹ̀kùn ọlọ́lá káàkiri nítorí àwòrán ohun tó bu.

Nínú ìwé yẹn ló ti sọ ọ̀kan lórúkọ tí àwa tí a wà ní lábù ń pè lójoojúmọ́ títí dòní: Aspergillus. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ Kátólíìkì, ẹ mọ nǹkan olórí róbótó tí Fadá máa ń tì bọnú omi mímọ́ tó wá máa fi ń wọ́n ìjọ? Aspergillum ni wọ́n ń pè é ní Látìn. Micheli wo nǹkan tó hù yẹn nínú lẹ́ǹsì, ó rí ọ̀pá tín-ín-rín, ó rí orí róbótó, ó rí spore tó tò tẹ̀lé ara wọn bíi ìlẹ̀kẹ̀ tó ń tú jáde lórí ẹ̀ yíká, ó ní àh, nǹkan tí wọ́n fi ń wọ́n omi mímọ́ rèé. Èmi fúnra mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ń kọ́ wa kò tíì sọ ìtàn yìí fún wa, àfi ìgbà tó sọ ọ́ ni mo tún padà lọ wò ó, láti ọjọ́ yẹn mi ò lè rí i kí n máà ránti.

Adé_Verona

Mo kí yín o. Ọdún kọkànlá mi rèé ní Ítálì, mo sì ti rí ọkùnrin yẹn! Ère ẹ̀ wà ní Florence níta Uffizi, ilé àwòrán ńlá wọn, ibi tí wọ́n to ère àwọn èèyàn ńlá Tuscany sí lábẹ́ òpó yẹn, Galileo wà níbẹ̀, Dante wà níbẹ̀, Michelangelo wà níbẹ̀, Micheli náà wà níbẹ̀. Mo ti kọjá níwájú ẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mi ò mọ ẹni tó jẹ́, mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn olóyè wọn ni. Inú Santa Croce ni wọ́n sin ín sí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tí wọ́n sin Galileo àti Michelangelo sí. Ẹ wo ọmọ tálákà.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, nítorí ibi tó ti kó àìsàn tó pa á, ojú mi ló wà. Monte Baldo, òkè gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adágún Garda, tí ojú ọ̀run bá mọ́ mò ń rí i láti orí bíríìjì tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn tó ń wá ewé ti ń gun òkè yẹn. Micheli lọ síbẹ̀ ní 1736 láti ṣa ewé, ó ti lé ní 55 nígbà náà, òtútù òkè yẹn wọ̀ ọ́ láyà, ó padà délé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó ń gún un, ní oṣù Kìíní 1737 ló kú. Apá kejì ìwé ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì jáde. Ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀ kan, Giovanni Targioni Tozzetti, ló ra gbogbo ìwé tó kọ àti ewé gbígbẹ tó kó jọ lọ́wọ́ àwọn ẹbí ẹ̀ tí kò jẹ́ kó fọ́n ká. Mo ti gun òkè yẹn rí nínú oṣù Kẹsàn-án, mo wọ kóòtù méjì, mo ṣì ń gbọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ ṣé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí n bi yín, nígbà tó ti fihàn báyìí ní 1729, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀? Nítorí wọ́n kọ́ wa nípa Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé yẹn, bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ sọ pé nǹkan kì í ṣàdédé hù.

OníLábù_Ìlọrin

Àbúrò, kò parí o, ibi tó ń dùn mí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Linnaeus, ọkùnrin Sweden yẹn tí gbogbo ayé ń lo bó ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ, ó bọlá fún Micheli, igi olódòdó olóòórùn dídùn kan wà tí wọ́n fi orúkọ Micheli pè, Michelia. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ olú, gbogbo ẹ̀ á dojúrú mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní von Münchhausen ti sọ pé tí wọ́n bá da spore olú sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò kéékèèké ló ń jáde, Linnaeus gbà á, ní 1767 ó kó olú mọ́ àárín àwọn kòkòrò, orúkọ tó fún un ni *Chaos fungorum*. Chaos, ìyẹn rúdurùdu! Nǹkan tí Micheli ti tò lẹ́sẹẹsẹ fún un ní ọdún 38 sẹ́yìn.

Ẹ̀mí sì bá àìgbọ́ yìí lọ. Ní 1845 nígbà tí nǹkan kan bò pòtétò ní Ireland tó ń jẹrà sínú ilẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn, àwọn kan ní pòtétò tó ti ń jẹrà ló ń hu nǹkan funfun yẹn, àwọn díẹ̀ ní rárá, nǹkan funfun yẹn ló ń jẹ ẹ́. Pásítọ̀ ìjọ kan ní Ẹ́ńgíláǹdì, Miles Joseph Berkeley, wà lára àwọn díẹ̀ yẹn, ó kọ ọ́ jáde ní 1846, kò sí ẹni tó dá a lóhùn púpọ̀. Ó di 1861 kí Anton de Bary ní Jámánì tó fi spore náà sára pòtétò tó dá ṣáká tó fi hàn pé òótọ́ ni. Ìyàn, ìyẹn ebi tí pòtétò tó jẹrà yẹn fà, ti pa èèyàn bíi mílíọ̀nù kan ní Ireland kó tó di ìgbà náà. (Lóde òní wọn kò ka nǹkan tó jẹ pòtétò yẹn mọ́ ẹbí olú mọ́, ṣùgbọ́n nígbà yẹn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà á.) Ọ̀rọ̀ kan náà ni o: ṣé ó ní ẹni tó gbìn ín àbí ó kàn hù? Tó bá kàn hù, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Tó bá ní irúgbìn, a lè dènà irúgbìn.

Ọmọ_Erékùṣù

Ẹ má gbàgbé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Christiaan Hendrik Persoon, Cape of Good Hope ni wọ́n bí i sí ní 1761, South Africa òní, òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti ṣe ọmọdé. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà ní jòjòló, bàbá ẹ̀ rán an lọ sí Yúróòpù fún ẹ̀kọ́, kò pẹ́ bàbá náà kú, kò padà sílé mọ́ láéláé. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn, ó kọ́ ìṣègùn, olú ló padà gba ọkàn ẹ̀. Ìwé ẹ̀ *Synopsis Methodica Fungorum* jáde ní 1801, òun náà ló jẹ́ kí àwọn èèyàn lè mọ èwo ni èwo nínú olú. Ó lọ ń gbé Paris, àjà tó ga jù lókè ilé kan ní àdúgbò tálákà ló ń gbé, kò níyàwó, kò níṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń kọ lẹ́tà sí i tí wọ́n ń fi olú gbígbẹ ránṣẹ́. Nígbà tí nǹkan le, ó fi gbogbo olú gbígbẹ tó ti kó jọ sílẹ̀ fún ìjọba Netherlands kí wọ́n lè máa fún un ní owó oúnjẹ. Wọ́n ṣì wà ní ìlú Leiden níbẹ̀ títí dòní. 1836 ló kú. Mo máa ń rò ó pé ọjọ́ tí wọ́n wá kó àwọn àpótí yẹn kúrò nínú yàrá yẹn, báwo ni yàrá náà ṣe rí lójú ẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́pà

Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò mọ̀wé tó yín ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọmọ mi tó ń ṣe lábù, Aspergillus tó dá lórúkọ yẹn, ṣé òun náà ló ń hù lára ẹ̀pà? Ẹ̀pà ni mò ń tà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo ra àpò mẹ́ta, mo gbé e sórí símẹ́ńtì lásán nínú ìsọ̀ ìgbà òjò, mi ò fi pákó sábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ tí mo tú u, òórùn ẹ̀ ti yí padà, hóró ẹ̀ rún, eruku àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ wà lára ẹ̀, mo fọwọ́ kàn án ó bá mi lọ́wọ́. Ẹnì kan ní kí n ṣa dáadáa ibẹ̀, kí n yan ìyókù, pé iná máa pa á. Ọkàn mi ò gbà á. Mo da gbogbo ẹ̀ nù, mo sunkún o, owó ẹgbẹ́ ni.

OníLábù_Ìlọrin

Ìyá mi, ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa. Ẹ ṣe ohun tó tọ́ jù. Bó ṣe rí tí ẹ sọ yẹn jọ Aspergillus flavus, ọ̀kan nínú ẹbí tí Micheli sọ lórúkọ. Ó máa ń tu oró kan tó ń jẹ́ aflatoxin sínú ẹ̀pà àti àgbàdo, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, iná tí a fi ń yan ẹ̀pà kò sì lè pa oró yẹn tán. Nǹkan tó hù á kú, oró tó ti tú síbẹ̀ á wà níbẹ̀. 1960 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní Ẹ́ńgíláǹdì láàárín oṣù díẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n ń pè é ní àìsàn X, àfi ìgbà tí wọ́n tọ ọ̀rọ̀ náà dé orí oúnjẹ wọn, ẹ̀pà lílọ̀ tó wá láti Brazil ni.

Ibi tó wá kan ilé wa nìyí. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, ti ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe. Wọ́n wá flavus tó ń hù ní ilẹ̀ wa níbí ṣùgbọ́n tí kì í tu oró, wọ́n fi bo ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kó má bàa hù, àgbẹ̀ á wá fọ́n ọn sí oko, kílò 10 sí hẹ́kítà kan, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò lóró á hù kánkán lára ọkà bàbà yẹn, á gba ilẹ̀ mọ́ olóró lọ́wọ́. Ìyá mi, wọ́n ń gbìn ín ni o! Nǹkan tí Micheli ṣe lórí mẹ́lọ́nì, oko ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí.

Ní ti ìsọ̀ yín, ẹ gbé àpò sórí pákó, kó má kan ògiri, kí ẹ̀pà gbẹ débi tó fi ń dún woroworo nínú èèpo kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ìyá_Ẹlẹ́pà

Olúwa á bù kún ọ ọmọ mi. Pákó ti wà níbẹ̀ láti ọdún yẹn. N óò bi àwọn tó ń kó o wá láti òkè bóyá wọ́n mọ ti ọkà bàbà yẹn.

Tíṣà_Morẹ́nikẹ́

Mo padà dé o. Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín. Mo sọ ìtàn Micheli fún wọn ní ọjọ́ Ajé, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, ibi tó ti kọ́ ara ẹ̀ ní Látìn ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́. A kò rí mẹ́lọ́nì, ìbẹ́pẹ la lò. Mo gé e sí mẹ́ta, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike onídérí, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ mú èyí tó dúdú lára búrẹ́dì ọmọ yẹn sínú ìkíní, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ mìíràn mú èyí tó láwọ̀ ewé sínú ìkejì, ìkẹta a ò fi nǹkan kan sí i. A lẹ téépù mọ́ gbogbo ẹ̀ yípo.

OníLábù_Ìlọrin

Ó dáa gan-an tíṣà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i mọ́ láéláé o, kí wọ́n má gbóòórùn ẹ̀, ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó jókòó jìnnà sí i, tí ẹ bá ṣe tán kí ẹ sun ún pẹ̀lú ike ẹ̀ ní ìta gbangba tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Ẹ bá wa sọ ohun tó hù.

Tíṣà_Morẹ́nikẹ́

Ọjọ́ karùn-ún rèé. Ìkíní dúdú, irun ìṣáná kéékèèké yẹn bo orí ẹ̀ tán. Ìkejì àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ róbótó róbótó. Ìkẹta mọ́, àfi ibì kan péré létí, bí ojú abẹ́rẹ́, funfun. Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ rí i, ó gbé ojú mọ́ ike yẹn títí, ó ní Àǹtí, èyí wá ńkọ́, ta ló gbin èyí? Kíláàsì ń wo ara wọn. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá dìde díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ló fọwọ́ kan ìbẹ́pẹ náà kí n tó dé e.

Mo ní kó wá jókòó síwájú, kó wá ya àwòrán ẹ̀ fún wa.